Bí A Ṣe Lè Yan Ìwé Àfetígbọ́ Moby-Dick, Kí A sì Gbọ́ Ọ Dé Òpin

Moby-Dick, ìwé tí Herman Melville ọmọ ìlú New York gbé jáde ní ọdún 1851, tó dá lórí ọ̀gá ọkọ̀ apẹja kan tó ń lépa àbùùbùtán funfun tó gé e lẹ́sẹ̀, wà lára àwọn ìtàn ìrìn-àjò ojú òkun tí òkìkí wọn kàn jù lọ nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣí i kì í kà á tán. Orí 135 ló ní, láìka àwọn ojú ìwé tó ṣáájú orí kìíní àti ọ̀rọ̀ ìparí tó tẹ̀lé orí ìkẹyìn. Gbólóhùn inú rẹ̀ máa ń gùn, èdè Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ti pẹ́, ìtàn náà sì lè dúró fún orí mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí òǹkọ̀wé lè ráyè sọ̀rọ̀ nípa egungun àbùùbùtán, nípa okùn ọkọ̀, tàbí nípa bí wọ́n ṣe ń yọ òróró lára ẹran omi náà. Ó máa ń tètè rẹ ẹni tó bá fi ojú nìkan kojú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé etí ló yẹ kí a fi wọ inú rẹ̀, nítorí pé ìró ohùn ènìyàn ló kún inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ìwàásù wà níbẹ̀, orin àwọn atukọ̀ wà níbẹ̀, igbe ẹni tó ń ṣọ́nà lórí òpó ọkọ̀ wà níbẹ̀, àwọn orí kan sì wà tí Melville kọ bí ẹni ń kọ eré orí ìtàgé. Àmọ́ ẹ̀dà tó wà nílẹ̀ pọ̀, wọn kò sì dọ́gba. Ohùn tí ẹ bá yàn ni ẹ ó máa bá gbé fún ohun tó lé ní ogún wákàtí, nítorí náà ó yẹ kí ẹ fara balẹ̀ yàn án.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wádìí bóyá odidi ìwé ni tàbí èyí tí wọ́n gé

Kí ẹ tó san owó, kí ẹ sì tó ná dátà yín, ẹ wo iye wákàtí tí wọ́n kọ sára ìwé náà. Odidi Moby-Dick, bí a bá kà á ní ìwọ̀n tí ènìyàn fi ń sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, máa ń gba nǹkan bíi wákàtí 21 sí 25. Bí ẹ bá rí èyí tó jẹ́ wákàtí mẹ́ta, márùn-ún tàbí mẹ́wàá, wọ́n ti gé e. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa wá lára rẹ̀ ni Unabridged, èyí tí wọ́n fi ń sàmì sí odidi ìwé. Bí ẹ bá rí Abridged, èyí tí wọ́n gé kúrú nìyẹn, Dramatized sì ni èyí tí wọ́n sọ di eré orí rédíò, tí àwọn òṣèré pín ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sọ, tí wọ́n sì fi ariwo ìgbì àti orin sí i.

Kò sí ohun tó burú nínú fífún ọmọ ọdún méjìlá ní eré orí rédíò náà, ó tilẹ̀ lè jẹ́ ìyẹn ló máa mú kó fẹ́ràn ìtàn náà. Fún àgbàlagbà tó fẹ́ mọ ìwé yìí gan-an, mi ò gbà á nímọ̀ràn. Àwọn orí tí ó ń ṣàlàyé iṣẹ́ pípa àbùùbùtán ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn orí wọ̀nyẹn gan-an ló ń múra etí wa sílẹ̀ fún ohun tó ń bọ̀. Ẹ wo orí 60, tó jẹ́ pé okùn tí wọ́n so mọ́ ọ̀kọ̀ nìkan ló dá lé lórí: bí wọ́n ṣe ń ká a sínú agbada, bí ó ṣe ń gba àárín àwọn tó ń wa ọkọ̀ kékeré kọjá, bí ó ṣe lè gbé ènìyàn lọ lójijì bí àbùùbùtán bá ti ń sá lọ. Ẹni tí kò gbọ́ orí yẹn kò ní mọ̀ ọ́n lára bó ṣe yẹ nígbà tí okùn kan náà bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní orí 135. Ohun mìíràn tún ni pé ìdúró pípẹ́ jẹ́ ara ìtàn náà. Ọkọ̀ apẹja bẹ́ẹ̀ lè lo ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú òkun, ọjọ́ púpọ̀ á sì kọjá láìrí nǹkan kan. Bí wọ́n bá gé gbogbo ìyẹn kúrò, ìlépa ọlọ́jọ́ mẹ́ta tó parí ìwé náà á wá dà bí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ lánàá.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yẹ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀ wò

Apá méjì ló ṣáájú orí kìíní. Wọ́n pe àkọ́kọ́ ní Etymology, níbi tí wọ́n ti kó orúkọ tí oríṣiríṣi èdè ń pe àbùùbùtán jọ; wọ́n pe èkejì ní Extracts, èyí tó kó ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ti sọ nípa rẹ̀ jọ, láti inú Jẹ́nẹ́sísì títí dé inú orin àwọn apẹja. Àwọn tó ń kà á sínú ẹ̀rọ máa ń fò wọ́n nígbà mìíràn. Kò fi bẹ́ẹ̀ pa ìtàn lára, kódà bí ẹ bá jẹ́ olùgbọ́ tuntun, mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ̀yin fúnra yín fo Extracts, kí ẹ sì padà sí i lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbọ́ ìwé náà tán.

Ti ìparí yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ kúkúrú kan wà lẹ́yìn orí 135 tí wọ́n pè ní Epilogue, kò sì yẹ kí ó sọnù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1851, nígbà tí Richard Bentley kọ́kọ́ tẹ ìwé náà ní London lábẹ́ orúkọ The Whale, ní ìdìpọ̀ mẹ́ta, apá yìí kò sí nínú rẹ̀, àwọn tó ṣe àgbéyẹ̀wò rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bí ẹni tó bá ọkọ̀ rì ṣe wá ń ròyìn fún wa. Ẹ̀dà ti Amẹ́ríkà tó jáde ní oṣù tó tẹ̀ lé e ní i. Nítorí náà, ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ àkójọ orí ìwé àfetígbọ́ náà. Bí ẹ kò bá rí Epilogue níbẹ̀, ẹ gbọ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta tó kẹ́yìn nínú fáìlì ìkẹyìn, nítorí pé wọ́n lè pa á pọ̀ mọ́ orí 135. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ìránṣẹ́ wá sọ fún Jóòbù nínú Bíbélì, pé àwọn nìkan ló yè bọ́ láti wá ròyìn, ló fi ṣí apá náà. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ, ẹ wá ẹ̀dà mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ dán ohùn náà wò ní àwọn orí tó le

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti lo àkókò jù nìyí. Àpẹẹrẹ tí àwọn tó ń ta ìwé àfetígbọ́ sábà máa ń fún ènìyàn gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ kì í ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, orí kìíní ni wọ́n sì sábà máa ń mú. Orí kìíní rọrùn; akàwé tó bá mọ̀wé díẹ̀ lè kà á dáadáa. Kì í fi agbára ẹni hàn. Bí ẹ bá lè dé àwọn orí tí mo fẹ́ dárúkọ yìí, yálà nínú ẹ̀dà ọ̀fẹ́, tàbí nínú èyí tí ẹ yá ní ilé ìkàwé, tàbí nínú èyí tí ilé ìtajà gbà yín láyè láti dá padà, ibẹ̀ ni kí ẹ ti gbọ́ ọ.

Orí 9 ni ìwàásù nípa Jónà, wòlíì tó sá fún iṣẹ́ Ọlọ́run tí ẹja ńlá sì gbé mì. Father Mapple tó ń wàásù náà ti fi ọ̀kọ̀ pẹja rí ní ìgbà èwe rẹ̀, orí àga ìwàásù tí a ṣe bí iwájú ọkọ̀ ló sì dúró sí. Ìwàásù yìí ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó ń rọlẹ̀, ó tún ń gòkè. Ẹni tó bá kà á ní ohùn kan ṣoṣo láti òkè dé ìsàlẹ̀ kò ní lè gbé yín dé orí 135. Orin ìsìn kan wà ṣáájú ìwàásù náà; àwọn kan ń kọ ọ́ lórin, àwọn kan ń kà á lásán, méjèèjì ló dára bí wọn kò bá ti sáré là á kọjá.

Orí 32 ni òdìkejì rẹ̀. Níbẹ̀ ni Melville ti to àwọn irú àbùùbùtán lẹ́sẹẹsẹ, tí ó ń fi ìtóbi ìwé pín wọn sí ìsọ̀rí, tí ó sì ń jiyàn pẹ̀lú ojú líle pé ẹja ni àbùùbùtán. Ẹ̀rín wà lábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ bá gbọ́ pé ó ti sú ẹni tó ń kà á, yóò sú ẹ̀yin náà, orí yẹn sì gùn. Akàwé gidi máa ń kà á bí ẹni tó fẹ́ràn ohun tó ń sọ, tó sì mọ̀ pé òun ń ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí orí 36. Ibẹ̀ ni Ahab, ọ̀gá ọkọ̀ Pequod, ti kan owó wúrà ilẹ̀ Sípéènì mọ́ òpó ọkọ̀, tí ó ṣèlérí rẹ̀ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ rí àbùùbùtán funfun tó gé e lẹ́sẹ̀. Gbogbo atukọ̀ ń hó, Starbuck, igbákejì ọ̀gá ọkọ̀, nìkan ló takò ó. Ohun tí ẹ máa tẹ́tí sí ni bí Ahab ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí kò bá pariwo. Ọkùnrin tó lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu yí ọkàn ọgbọ̀n ènìyàn padà ni. Bí akàwé bá ti ń bú ramúramù láti ìbẹ̀rẹ̀, ìbínú nìkan la ó gbọ́, a kò ní gbọ́ ọgbọ́n, ohùn rẹ̀ kò sì ní níbi tó máa gòkè sí mọ́ nígbà ìlépa ìkẹyìn.

Orí 40 ló le jù fún ẹni tó ń dá kà á. Eré orí ìtàgé ni: òru ti jìn, àwọn atukọ̀ láti Nantucket, Faransé, Iceland, Malta, Ṣáínà, Tahiti, Pọtogí àti ibi mìíràn ń mu, wọ́n ń jó, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń sọ gbólóhùn kan tàbí méjì. Kò pọn dandan kí akàwé sín gbogbo wọn jẹ. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí etí yín mọ ìgbà tí ẹnìkan dákẹ́ tí ẹlòmíràn gbà á, àti pé kí àdúrà Pip, ọmọdékùnrin aláwọ̀ dúdú tó parí orí náà, dákẹ́ rọ́rọ́ lẹ́yìn gbogbo ariwo.

Mo tún fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Áfíríkà gbọ́ orí 27 àti orí 64 kí ẹ tó pinnu. Ní orí 27 ni a ti pàdé Daggoo, ọkùnrin gìrìwò láti etíkun Áfíríkà tí ó fínnúfíndọ̀ wọ ọkọ̀ apẹja nígbà tí ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí èbúté ilẹ̀ rẹ̀, tí ó sì wá di ọ̀kan lára àwọn tó ń ju ọ̀kọ̀ nínú Pequod. Ní orí 64, Fleece, àgbà aláwọ̀ dúdú tó ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀, ń wàásù fún àwọn ekurá tó ń jẹ òkú àbùùbùtán. Èdè tí Melville fi sọ̀rọ̀ nípa àwọn ènìyàn wọ̀nyí jẹ́ èdè ọdún 1851, àwọn ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ sì ń dun ni. Akàwé kò lè yí ọ̀rọ̀ padà nínú odidi ìwé, ṣùgbọ́n ó lè yan bí yóò ṣe sọ ọ́. Àwọn kan sọ Fleece di ẹni ẹ̀sín. Àwọn mìíràn jẹ́ kí a gbọ́ àgbàlagbà tí ọ̀gá kékeré kan ń fòòró, tí ó sì fi ọgbọ́n dá a lóhùn ní ìkẹyìn. Èyí kejì ni kí ẹ mú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ pinnu ibi tí ẹ ó ti gbà á

Ọ̀rọ̀ inú ìwé náà ti di ti gbogbo ayé, nítorí pé Melville ti kú láti ọdún 1891. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni fi lè kà á sínú ẹ̀rọ. Àmọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí náà kì í ṣe gbogbo èyí tí ẹ bá rí lórí YouTube ni wọ́n gbé síbẹ̀ lọ́nà ẹ̀tọ́.

Ọ̀fẹ́ ni ti LibriVox, iṣẹ́ tí Hugh McGuire dá sílẹ̀ ní Montreal ní ọdún 2005, tí àwọn olùyọ̀ǹda ń ka ìwé tí kò sí lábẹ́ ẹ̀tọ́ mọ́. Ẹ̀dà tí Stewart Wills dá kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni kí ẹ wá níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ balẹ̀, ó lóye ohun tó ń kà, mo sì rò pé ẹni tí kò fẹ́ ná kọ́bọ̀ kò ní kábàámọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta irú ẹ̀dà ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún yín nínú áàpù wọn.

Ọ̀fẹ́ náà ni Moby-Dick Big Read, tí òǹkọ̀wé Philip Hoare àti ayàwòrán Angela Cockayne bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Yunifásítì Plymouth ní ọdún 2012. Ẹnìkan ló ka orí kọ̀ọ̀kan: Tilda Swinton ló ka orí kìíní, Stephen Fry, David Attenborough, Benedict Cumberbatch àti David Cameron, tó jẹ́ olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, sì wà lára àwọn yòókù. Ó dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n mi ò rò pé òun ló yẹ kí olùgbọ́ tuntun fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ohùn Ahab á máa yí padà láti orí kan sí òmíràn, ìró ohùn kò sì dọ́gba.

Nínú àwọn tí wọ́n ń tà, mẹ́ta ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà. William Hootkins kà á fún Naxos gẹ́gẹ́ bí òṣèré orí ìtàgé, ó ń fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀. Frank Muller kà á fún Recorded Books ní ohùn tó rọlẹ̀ tí ìgbóná wà nínú rẹ̀, ó sì dára fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ lóru. Anthony Heald kà á fún Blackstone ketekete, èyí tó máa wúlò fún ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà kò tíì mọ́ lára. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Brítéènì tàbí Amẹ́ríkà, tí ẹ sì ní káàdì ilé ìkàwé ìjọba, ẹ kọ́kọ́ wo áàpù Libby kí ẹ tó ra èyíkéyìí, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ilé ìkàwé yín máa yá wọn fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀dà tí kọ̀ǹpútà fi ohùn àtọwọ́dá kà ti ń pọ̀ sí i. Ẹ ka orúkọ ẹni tó kà á dáadáa. Bí kò bá sí orúkọ ènìyàn níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Kò sí bí irú ohùn bẹ́ẹ̀ ṣe máa ka orí 40.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ gbé e sórí fóònù

Ní ti LibriVox, fáìlì MP3 tó kéré, tí wọ́n ń pè ní 64kbps, máa ń gba nǹkan bíi MB 29 fún wákàtí kan, èyí tó mú kí odidi ìwé náà jẹ́ nǹkan bíi MB 700. Èyí tó jẹ́ 128kbps jẹ́ ìlọ́po méjì ìyẹn. Fún ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, èyí tó kéré náà tó. Bí dátà bá wọ́n yín, ẹ má gbọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní tààrà, nítorí pé ẹ ó san dátà lẹ́ẹ̀kejì nígbàkúgbà tí ẹ bá padà sẹ́yìn. Ẹ gba orí mẹ́wàá mẹ́wàá sílẹ̀ níbi tí Wi-Fi bá wà. M4B ni fáìlì kan ṣoṣo tó kó gbogbo orí jọ pẹ̀lú àmì orí kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má lo áàpù orin. Áàpù tí wọ́n ṣe fún ìwé àfetígbọ́, irú bíi Smart AudioBook Player lórí Android, máa ń rántí ibi tí ẹ dúró dé, ó sì lè dákẹ́ fúnra rẹ̀ bí oorun bá gbé yín lọ. Ẹ lọ sí ètò bátìrì fóònù yín, kí ẹ sì gba áàpù náà láyè láti máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ojú fóònù bá ti kú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa dá dúró láàárín gbólóhùn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ gbọ́ ọ pẹ̀lú ètò

Ẹ gba ọ̀rọ̀ inú ìwé náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Project Gutenberg, ìkànnì tó ń fúnni ní ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, níbi tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2701. Kò pọn dandan kí ẹ máa tẹ̀ lé e lójú ní gbogbo ìgbà. Ìgbà tí orúkọ tàbí gbólóhùn gígùn kan bá dí yín lọ́wọ́ ni ẹ ó ṣí i. Fún orí 32 àti orí 42, tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rù tó wà nínú àwọ̀ funfun, mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ ka ọ̀rọ̀ náà lójú bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ. Ẹ lè dín ìyára kù sí 0.9 ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ títí ohùn náà fi máa mọ́ yín lára. Ẹ má ṣe gbé e kọjá 1.25 láé.

Ẹ má fi iye orí ṣe ìwọ̀n ojoojúmọ́, ìṣẹ́jú ni kí ẹ fi ṣe é. Orí 122 kò ju gbólóhùn díẹ̀ lọ, orí 54 sì gùn bí ìtàn odindi kan. Ogójì ìṣẹ́jú lóòjọ́ á gbé yín dé òpin láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà. Kí ẹ sì mọ̀ pé orí ilẹ̀ ni ìtàn náà wà fún ìgbà pípẹ́: orí 22 ni ọkọ̀ tó ṣí, ní ọjọ́ Kérésìmesì, ẹ kò sì ní fojú kan Ahab títí di orí 28. Ẹ ní sùúrù.

Láti ibẹ̀ lọ, ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó bá béèrè ni pé kí wọ́n fi àwọn ọkọ̀ mẹ́sàn-án tí Pequod pàdé ṣe ibùdó ìsinmi wọn. Wọ́n wà ní orí 52, 54, 71, 81, 91, 100, 115, 128 àti 131. Ìbéèrè kan náà ni Ahab ní fún wọn, bóyá wọ́n ti rí àbùùbùtán funfun. Ìdáhùn wọn sì ń burú sí i bí ìwé ṣe ń lọ sópin. Ẹni tó bá sàmì sí àwọn orí wọ̀nyí nínú áàpù rẹ̀ kò ní sọnù láàárín àwọn orí tó ń sọ̀rọ̀ nípa egungun àti ọ̀rá.

Orí 132 ni kí ẹ ti dúró sinmi. Ẹ wá ọjọ́ kan tí ẹ máa ní wákàtí méjì gbáko, kí ẹ gbọ́ orí 133, 134, 135 àti Epilogue lẹ́ẹ̀kan náà láìdá a dúró. Bí ìwé náà bá sì wù yín lẹ́yìn náà, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé New Bedford Whaling Museum ní Massachusetts máa ń kó àwọn ènìyàn jọ ní oṣù kìíní ọdọọdún láti ka gbogbo rẹ̀ sókè tọ̀sán-tòru fún nǹkan bíi wákàtí 25, ní ìrántí ọjọ́ tí Melville fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀ apẹja Acushnet lọ sójú òkun ní ọdún 1841. Wọ́n máa ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni sì lè tẹ́tí sí i láti ilé rẹ̀.